Má bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọdún: ohun tí ìtàn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa kọ́ mi

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi àwọn àgbà ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ní kí n bá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Ìbàdàn kọ ìtàn rẹ̀, torí pé èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà. Mo ra mínírà, mo jókòó ti bàbá mẹ́ta, mo sì yọ gègé. "Ẹ̀yin bàbá, ọdún wo lẹ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀?"

Ọ̀kan ní 1968. Èkejì ní irọ́ ni, 1977 ni, ọdún FESTAC. Ẹ̀kẹta, Alhaji tó jẹ́ gólì-kípà wọn láyé ìgbà náà, ní ṣé àwọn méjì yìí tilẹ̀ ti mọ bọ́ọ̀lù í gbá kí òun tó kúrò nínú gólì? Ọ̀rọ̀ di ariwo. Alhaji bínú lọ ilé, kò fọwọ́ kan mínírà tí mo rà fún un.

Tí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí lé ọ lọ́wọ́, fi ọdún sílẹ̀ ná. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, télọ̀, ọmọ ọlọ́jà ní Gbági, àwọn ló dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọn ò ka ọdún sí nǹkan kan. Ohun tójú wọn rí ni wọ́n ń rántí, òun ni kí o bèèrè. Nígbà tí mo padà lọ, ohun tí mo bi wọ́n ni pé: ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ pàdé ẹgbẹ́ mìíràn, ọwọ́ òsì ló ń gbà lójú títì ni àbí ọwọ́ ọ̀tún? Oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún. Owó tí ẹ ń dá ńkọ́, ṣílè ni àbí náírà? Oṣù kìíní 1973 ni náírà dé.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni orúkọ ẹgbẹ́ ńlá ìlú wa. Ẹgbẹ́ Shooting Stars tí àwọn ọmọ òde òní ń pè ní 3SC, WNDC ló ń jẹ́ nígbà kan, orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba ìwọ̀-oòrùn tó ni ín. Nígbà tó fi máa gba ife Áfíríkà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1976, ó ti di IICC. Nítorí náà, má já lu ọ̀rọ̀ àgbàlagbà. Jẹ́ kó máa rojọ́ lọ, kí o ṣáà máa dẹtí sí èyí tó máa pè. Bàbá tó ní 1977 yẹn ń sọ ìtàn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́ lọ, ló bá ní, "Ọjọ́ yẹn, WNDC ń gbá ní pápá Líbátì, ìdí nìyẹn tí èrò ò fi wá wò wá." Mo wo ojú ẹ̀. Òun náà gbọ́ ohun tó sọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní ìwé tẹ́lẹ̀ o. Akọ̀wé wọn máa ń kọ orúkọ, gólì àti owó sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. Ọmíyalé Ògùnpa, ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ló gbé e lọ. Odò tó gbé èèyàn àti ilé lọ, ta ni yóò ráyè sunkún ìwé?

Fọ́tò méjì ló kù. Nínú ọ̀kan, àwọn kan wọ kánfásì, àwọn kan ò wọ nǹkan kan, ẹnì kan ṣoṣo tó ní bàtà bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi sáàárín. (Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní 1949 tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ lásán lọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá a.) Ẹ̀yìn fọ́tò ni kí o kọ́kọ́ wò, bóyá wọ́n kọ ọjọ́ tàbí orúkọ síbẹ̀, kí o tó wo iwájú.

Ní ti ìhàlẹ̀, wà á gbọ́ ọ títí ó fi máa sú ọ. Tí a bá gba àwọn bàbá gbọ́, kò sí ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tí kò bá Muda Lawal, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù 3SC, gbá bọ́ọ̀lù rí. Èyí tí mi ò rí ẹlẹ́rìí méjì fún, mi ò kọ ọ́. Àmọ́ gólì tí bàbá méjì jọ ń jà sí, mo kọ tàwọn méjèèjì, mo tò ó síra wọn. Èmi kì í ṣe rẹfirí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Alhaji fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó mú náílọ́ọ̀nù kan dání, inú ẹ̀ ni rìsíìtì wà: jásì mọ́kànlá, 1970, wọ́n kọ owó ẹ̀ ní pọ́n-ùn àti ṣílè. Mo béèrè bó ṣe pa á mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun lòun san ìdajì owó yẹn, wọn ò tíì dá a padà fóun dòní. Ó yé mi wàyí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí o bá ń wá ìtàn ẹgbẹ́, bèèrè àwọn tí ẹgbẹ́ jẹ ní gbèsè, kí o tó lọ bá àwọn tó gba ife.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ màmá tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ balógun agbábọ́ọ̀lù wọn. Òun ló ń fọ jásì, tó ń fi búlúù sí i kó lè funfun. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ fún mi, àfi Alhaji. Màmá mọ ẹni tó máa ń fi epo mọ́tò ba tiẹ̀ jẹ́, ó mọ ẹni tí aṣọ ẹ̀ kì í dọ̀tí torí pé kì í sáré. Ọdún tí wọ́n gba ife àdúgbò, ó ní àwọn ìbejì òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni, ó sì nà sí àpótí, ó yọ ìwé ìbí wọn: 1975. Ìṣẹ́jú kan péré.

Nígbà tí mo tẹ ìwé náà tán, mo mú un lọ kà fún màmá. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì dákẹ́ díẹ̀.

"Ó dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ibo lo kọ owó ọṣẹ sí?"