Òjò oṣù kẹjọ Àbújá kì í sinmi: ohun tí ìrìn-àjò mọ́tò àtijọ́ fojú mi rí

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ohun tó sì kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà nìyẹn. Nílé, bí oṣù kẹjọ bá ti dé, òjò a máa sinmi díẹ̀. Ojú ọjọ́ a tutù, ọ̀run a ṣú láìrọ̀. Ohun tó wà lórí mi nìyí nígbà tí mo dìde nípàdé ẹgbẹ́ onímọ́tò àtijọ́ wa ní Àbújá, tí mo ní kí a fi ìrìn-àjò ọdọọdún sí oṣù kẹjọ. Gbogbo àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ ará Bídà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí n bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Àbújá kò mọ ìsinmi oṣù kẹjọ rárá. Láti oṣù kẹrin ni òjò ibẹ̀ ti ń gorí ara wọn, oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ló sì máa ń pọ̀ jù.

Kì í ṣe pé mo ya òmùgọ̀ tán. Omi Gurara tó ń já láti orí àpáta la fẹ́ lọ wò. Bí ẹ bá débẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta lẹ máa rí pẹ̀lú omi tẹ́ẹ́rẹ́. Lásìkò òjò, gbogbo ẹnu àpáta náà ló ń da omi, ẹ ó sì ti máa gbọ́ ariwo rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Torí náà, òjò la wá lọ, a kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bá wa lọ́nà ni.

Mọ́tò mẹ́rìnlá la jẹ́. Volkswagen Ìjàpá mẹ́fà, Peugeot 504 mẹ́rin tí wọ́n tò ní Kàdúná (ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ò sì fi bẹ́ẹ̀ kéré sí iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ orí), Mercedes méjì, Datsun kan, àti Peugeot 404 funfun ti Bàbá, alága wa. A ó gba Kubwa lọ sí Zuba, a ó ya fọ́tò lẹ́bàá àpáta Zuma tó wà lẹ́yìn owó 100 náírà, a ó wọ Súlèjà, a ó sì já sí ọ̀nà Mínà títí dé Gurara. Lọ́jọ́ Àìkú, a ó lọ sí Ushafa níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò.

Aago méje àárọ̀ la kọ sínú ìwé. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la kúrò ní Wúsè. Ọ̀gá ńlá kan tó fẹ́ ju àsíá fún wa kí a tó gbéra ló dá wa dúró. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò kúkú wá. Wákàtí mẹ́rin yẹn gan-an ni gbogbo gbígbẹ tí ọjọ́ náà ní. Òjò ńlá Àbújá kì í sábà bá ènìyàn láàárọ̀. Oòrùn àárọ̀ ló ń sè é, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló ń já. NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, ti sọ pé àrá máa sán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo kà á, mo sì ní òjò díẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ju àsíá fún wa, kó pàdé wa níbi tí a ti máa jẹun.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí: ìlà-oòrùn ni àwọn òjò oníjì wọ̀nyí ti ń wá, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń lọ. Àwa náà, ìwọ̀-oòrùn là ń lọ. Iwájú wa mọ́ kedere, àwọn ọmọ ń kọrin lẹ́yìn mọ́tò, àfi ẹni tó bá wo dígí ẹ̀gbẹ́ nìkan ló lè rí i pé ẹ̀yìn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Dígí ẹ̀gbẹ́ Ìjàpá mi kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìgbà tí a kọjá Zuma ni atẹ́gùn gbá wa, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò rí ẹni tó wà níwájú mi mọ́.

Ìjàpá tèmi ló kọ́kọ́ kú. Àwọn kan máa ń sọ pé òjò ò lè ṣe é ní nǹkan torí pé kò ní rédíétọ̀. Òótọ́ ni, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lára ìdérí ẹ̀yìn, ibẹ̀ náà ni òjò ń gbà, distributor àti coil, tí wọ́n ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Bí ìdérí distributor bá ti tutù, iná tó yẹ kó dé púlọ́ọ̀gì á gba ojú omi sá lọ síbòmíràn. Mọ́tò á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Rẹ́wáyà tó tẹ̀ lé wa ṣí ìdérí náà, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún nínú àti lóde, ó nu àwọn wáyà púlọ́ọ̀gì, ó sì fi ọ̀rá piọ́ wọ́tà bò ó, kó má sáà kan bẹ́líìtì. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Owó tí a san fún rẹ́wáyà ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí a náwó lé, ju fìlà aláwọ̀ kan náà tí a rán lọ.

Dígí iwájú náà tún ń ṣú, AC kò sí. Ìyàwó mi ló fi ọṣẹ gbígbẹ pa á nínú tó sì nù ún títí tó fi dán. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún ṣú. Ti bíréèkì ńkọ́? Bí Ìjàpá bá ti gba inú ọ̀gbàrà kọjá, omi á wọ inú ìlù bíréèkì, ẹsẹ̀ yín á tẹ̀ ẹ́ títí, mọ́tò á máa lọ. Ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ títí á fi gbẹ. Ẹ má dúró de ìgbà tí tírélà bá wà níwájú.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibí gan-an rèé. Lẹ́yìn Súlèjà, omi ti gorí afárá kékeré kan, ó ń ṣàn lọ sí ọ̀tún. Ó yẹ ká padà. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa sọ ọ́? Èmi ni akọ̀wé, èmi ni mo ṣètò, mo sì bọ́ sílẹ̀ nínú òjò lọ bá Bàbá lójú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yí padà."

"Padà kẹ̀? Mo ti wa mọ́tò yìí dé Màídúgùrì kí wọ́n tó bí ẹ."

Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo ní, "Ẹ ṣé sà," mo padà sínú mọ́tò mi.

Bàbá wọ inú omi, ó kọjá, torí 404 ga, ó sì wúwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wa Ìjàpá tẹ̀ lé e, àgbà kò sì gbọ́dọ̀ dá lọ. Abẹ́ Ìjàpá tẹ́jú bí abọ́, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń léfòó. Ohun tó sì ń léfòó, táyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Mo rí i tó yí ìdí sí ọ̀tún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń jó, pẹ̀lú ọmọ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Òpó afárá ló gbà á dúró. Omi náà kò ga ju orúnkún lọ.

A kò rí Gurara. Agogo mẹ́jọ alẹ́ la wọ Àbújá, lójú ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó yẹ kó fi alẹ́ rìn ín. Ìjàpá mẹ́ta kò ṣí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a sì fi ti Ushafa sílẹ̀.

Nígbà tí a padà ṣèpàdé, àwọn kan ní ká ra rédíò, àwọn kan ní ká ra okùn tó nípọn. A rà wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi ní, kí a tó gbéra, ẹ jẹ́ ká kọ wákàtí àti ibi tí a ó ti yí padà sílẹ̀: bí aago mẹ́wàá bá lù tí a kò tíì kọjá Súlèjà, ilé yá, bí omi bá bo ìlà funfun ojú títì, ilé yá. Ẹnì kan ni yóò na aṣọ pupa sókè láti sọ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó wa mọ́tò wá, torí kò sí onímọ́tò àtijọ́ tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó sá. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọdé náà. A wo ara wa lójú yíká, a sì gbé aṣọ pupa náà fún Màmá, ìyàwó Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni wọ́n ń jókòó sí. Bàbá wo aṣọ náà, wọ́n ní, "Ẹ ti pa mí."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oṣù kọkànlá la lọ. Omi Gurara ti dín kù, ṣùgbọ́n ó ṣì dára. Màmá kò na aṣọ náà sókè rárá.

Ohun kan tó kù: bí òjò bá pa mọ́tò yín, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Rọ́bà dígí iwájú Ìjàpá mi ti gbó, omi sì ti kún abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo sùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, ìpẹtà ti jẹ irin ìsàlẹ̀ lu, mo ń rí títì láàárín bàtà mi. Wẹ́dà tó máa dí i ní òun ń bọ̀ lọ́la, láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn.