Ọdún 2024: A fìdí rẹmi nígbà 121, a ṣì wà láàyè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìyèdún. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń retí ìròyìn iṣẹ́ tuntun, ilé tí a kó lọ, àti ọ̀rọ̀ físà Màámi. Iṣẹ́ ń lọ, ilé náà gbóná ju ti àtijọ́ lọ, físà ti jáde, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún yìí ṣe gan-an, mo fi wo White Sox, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Chicago, ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tàbí kẹ̀, ẹ rín in, gbogbo Chicago ti rín in tán. Eré 162 ni ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan. Tiwa jáwé olúborí nínú 41, ó fìdí rẹmi nínú 121. Láti ọdún 1900, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ rí. Mets ti New York ló dé adé ẹ̀tẹ́ yẹn láti ọdún 1962, 120 ni tiwọn. A ti gbà á lórí wọn. Àbúrò mi ní Ìbàdàn ní ṣé ìyà 3SC kò tó mi ni mo ṣe wá ra ti òkèèrè kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, pípàdánù nìkan kò bí mi nínú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n gbá, kò mọ̀ ọ́n gbá náà ni. Ta ló máa bá a jà? Bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ ní kìlómítà 150 ní wákàtí, èmi ò lè rí i, ká má tíì sọ pé kí n fi igi gbá a. Ẹsẹ̀ bàtà 90 ló ń bí mi nínú. Òun ló wà láàárín ibi tí ọmọ yẹn ti gbá bọ́ọ̀lù àti béèsì àkọ́kọ́, ibi tó gbọ́dọ̀ sáré dé kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù débẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí nílẹ̀ lọ bá ọ̀tá lọ́wọ́, lóòótọ́, wọ́n máa tó mú un. Ṣùgbọ́n ó lè bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, ó lè jù ú gba orí ẹnìkejì rẹ̀ kọjá. Bó o bá ń sáré, o ti dé béèsì. Àwọn tiwa á máa yan bí ọkọ ìyàwó tó ń wọ gbọ̀ngàn àríyá. Ó kù kí wọ́n nawó sí wọn.

Ẹ mọ Baba Ìbejì. Aago ọwọ́ ni wọ́n fi ń wo eré. Kété tí igi bá ti kan bọ́ọ̀lù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá sókè. Ẹni tó bá fi gbogbo ara sáré, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin àti díẹ̀ ló yẹ kó fi débẹ̀. Bó bá ti di márùn-ún, wọ́n á pòṣé, wọ́n á yí aago sínú apá aṣọ, wọ́n á ní, "Owó oṣù tó ń gbà ńkọ́, ṣé ìyẹn náà ń rìn?"

A máa ń jiyàn. Lọ́dún 2022, Tony La Russa tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n máa rọra, kí ẹsẹ̀ wọn má baà tún ṣèṣe. Lọ́dún 2023, Pedro Grifol tó gba ipò rẹ̀ yọ agbábọ́ọ̀lù wa Luis Robert Jr. láàárín eré torí pé kò sáré, lẹ́yìn eré la wá gbọ́ pé iṣan itan rẹ̀ ló le, kò sì sọ. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Ara ló ń ro ó." Baba Ìbejì ní, "Kó sọ̀rọ̀! Ta ni kò ní ibi tó ń dùn ún?"

Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni nípa àyà tiwọn. Ẹ jẹ́ ká gba ibòmíràn.

Láti ọjọ́ 10 oṣù keje ni a ti pàdánù eré 21 léraléra, títí a fi na Oakland ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ. Àárín rẹ̀ ni Baba Ìbejì lọ. Ọjọ́ tí a lọ kí Ìyá Ìbejì, mo ní bàbá gbọ́n, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn kúrò ní pápá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú wọn, mo bá sá wọ ilé ìdáná pé mo fẹ́ mu omi. Ọjọ́ kejì tí ìyà 21 parí ni wọ́n tún gbá eré kan sí i, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n lé Grifol, Grady Sizemore ló parí sáà.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ni èmi àti Kẹ́hìndé lọ sí pápá. A ti pàdánù 120 nígbà náà, ọ̀pọ̀ ló sì wá fojú rí ìkọkànlélọ́gọ́fà. Àwọn èèyàn ń pariwo sí Jerry Reinsdorf, tó ti ni ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1981, pé kó tà á. Angels ti Los Angeles, tí a ń bá gbá, ń fi 2-0 ṣíwájú. Ni àwọn aláìmoore tiwa yìí bá jí! Wọ́n sọ ọ́ di 3-2, wọ́n tún na Angels lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn wa ní wọ́n ti fowó òun ṣòfò. Èmi ń pariwo pé níbo lẹ fi ẹsẹ̀ yẹn pamọ́ sí láti oṣù kẹrin? Ní ọjọ́ 27, ní Detroit, a parí iṣẹ́: wọ́n nà wá 4-1, ìkọkànlélọ́gọ́fà dé.

Mo ti wá dín èébú tí mo ń bú àwọn ọmọ náà kù. Ẹni tó kọ́kọ́ dẹ́kun sísáré nínú ilé yẹn, kò wọ aṣọ eré. Agbábọ́ọ̀lù tó bá rí i pé àwọn tó dára ní ẹ̀gbẹ́ òun ni wọ́n ń tà, ta ló máa sáré fún? Lóṣù kejìlá yìí, wọ́n gbé ajùbọ́ọ̀lù wa Garrett Crochet fún Boston, wọ́n gba ọmọdé mẹ́rin. A ò tilẹ̀ rí èrè ìyà jẹ: òfin líìgì kò jẹ́ ká bá wọn ṣẹ́ kèké tó ń pinnu ẹgbẹ́ tí yóò kọ́kọ́ mú ọmọ tuntun lọ́dún 2025, ipò kẹwàá ló kàn wá.

Will Venable ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun. Wọ́n ní ó jẹ́jẹ́. Mi ò ní sọ pé yóò dára, mo kàn ń wo ẹnu mi.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2025 ni a máa bẹ̀rẹ̀, nílé, pẹ̀lú Angels. Ìyá Ìbejì ní àwọn náà ń bọ̀, àwọn tó ti ń sá fún pápá láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣàlàyé òfin eré fún àwọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ní: nínú àwọn ọkùnrin tó ń tutọ́ káàkiri yẹn, èwo ló lóyún?