Jane Austen àbí Charles Dickens? A délé àwọn méjèèjì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi ní London. Tíṣà ni wọ́n, ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Iléṣà. Mo ti to gbogbo ibi tí a máa lọ sílẹ̀, Big Ben, ààfin ọba, ọjà Peckham, àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi ní, "Àbúrò, ilé Jane Austen ni kí o mú mi lọ, ìyókù lè dúró."

Ìjà yìí ti pẹ́ láàárín àwa méjèèjì. Láti sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n ti ń sọ pé nínú gbogbo àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn, kò sẹ́ni tó tó Jane, èmi náà á ní ó tì o, Dickens ni, torí Oliver Twist ni ìwé àkọ́kọ́ tí mo kà tí oorun ò kùn mí, ọmọ yẹn tó gbé abọ́ padà lọ pé òun ṣì ń fẹ́ sí i. A wá ṣàdéhùn, Sátidé jẹ́ tiwọn, Sọ́ńdè jẹ́ tèmi.

Tréènì la wọ̀ ní Waterloo, a sọ̀ ní Alton tó jẹ́ òpin ìlà, a wá fẹsẹ̀ rìn dé Chawton. Abúlé tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni. Ilé bíríkì ni ilé náà, létí títì gan-an ló wà. Ẹ̀gbọ́n Jane kan tó ń jẹ́ Edward, tí àwọn ìbátan wọn olówó gbà tọ́, ló ní ilé náà, ó ní kí ìyá òun àtàwọn arábìnrin òun wá máa gbébẹ̀ ní 1809. Ibẹ̀ ni Jane wà títí di 1817 tó lọ kú ní Winchester, ẹni ọdún 41 péré.

Nínú yàrá ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni tábìlì tó fi ń kọ̀wé wà. Mo rò pé mo ṣì í wò ni. Kò tóbi tó èyí tí àwọn tó ń ta káàdì rìṣájì ń gbé sábẹ́ agboòrùn, igi wálínọ́ọ̀tì ni, etí rẹ̀ ní igun méjìlá, tí o bá gbé bébà kan àti ìgò yíǹkì kan lé e ó ti kún nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níbẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí ìborùn nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́ padà. Wọ́n ní, "Orí nkan tí ò ju báyìí lọ ló ti kọ ìwé Emma."

Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1811, orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, wọ́n kàn kọ ọ́ pé obìnrin kan ló kọ ọ́. Pride and Prejudice tó tẹ̀ lé e, pọ́ùn 110 ló ta á pátápátá fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ 150 ló fẹ́ gbà. Ó dùn mí wọra.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ wo bó ṣe ń mú èèyàn, kò ní bú òmùgọ̀, á kàn jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ ni, bíi ti pásítọ̀ Collins inú Pride and Prejudice yẹn, títí ìwọ fúnra ẹ á fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún ní nínú ìwé yẹn kan náà, kí Darcy tó ráyè jókòó nínú ijó, gbogbo ilé ti mọ̀ pé pọ́ùn 10,000 ló ń wọlé fún un lọ́dún. "Iṣẹ́ alárinà kọ́ nìyẹn? Àwa náà kì í wádìí ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. A mu tíì lẹ́yìn náà, mo fi pọ́ùn mẹ́wàá sanwó, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i padà, wọ́n fi ojú Jane hàn mí lẹ́yìn owó. Mo ní Dickens ló wà níbẹ̀ láti 1992 títí di 2003.

Sọ́ńdè, a lọ sí 48 Doughty Street. Ọdún 1837 sí 1839 ni Dickens fi gbébẹ̀, ibẹ̀ ló ti parí Oliver Twist. Ilé gíga tóóró ni, a wo yàrá ìkàwé, a wo ibùsùn, èyí ò fi bẹ́ẹ̀ mú mi lọ́kàn. Ohun tó dá mi dúró ni irin fèrèsé kan tí wọ́n yọ wá láti ẹ̀wọ̀n Marshalsea.

Ẹ̀wọ̀n onígbèsè ni Marshalsea. Ní 1824, wọ́n ti bàbá Dickens mọ́bẹ̀ torí ó jẹ oníbúrẹ́dì ní pọ́ùn 40 ó lé díẹ̀. Ìyá àtàwọn àbúrò kó lọ bá bàbá nínú ẹ̀wọ̀n, Charles tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 dá wà níta, ó ń lẹ bébà mọ́ ìkòkò pólíìṣì bàtà ní ilé iṣẹ́ kan létí odò Thames, ṣílè mẹ́fà lọ́sẹ̀. Bàbá jáde tán, ìyá ṣì fẹ́ kó padà síbi iṣẹ́ yẹn. Kò gbàgbé ẹ̀ láyé. Ó sì fi pamọ́ débi pé ìgbà tó kú tán ni ayé tó gbọ́.

Ẹ̀yin ará, bàbá bàbá wa, òṣómàáló ni wọ́n. Wọ́n á ta aṣọ láwìn fún àwọn ará oko, tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, òṣó ni wọ́n máa ló títí wọ́n á fi gbowó wọn. À ń fi yangàn nílé wa ni, torí owó yẹn ló rán bàbá wa níwèé. Níwájú irin yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rò ó pé ọmọ wà nínú ilé tí bàbá bàbá wa lóṣòó sí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọjú, ó ń wo bí bàbá tiẹ̀ ṣe ń sá pamọ́.

Ìdí tí mo fi mú Dickens nìyẹn. Jane mọ owó tí wọ́n fi ń fẹ́yàwó, ó mọ̀ ọ́n dénú, àmọ́ Dickens mọ owó tí wọ́n jẹ sílẹ̀, ó mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó wá sin gbèsè lórí àtẹ̀gùn. Ẹ rántí Micawber nínú David Copperfield, tó ní tí pọ́ùn 20 bá wọlé lọ́dún, tí o ná an ku sísì kan, ayọ̀ ni, tí o bá fi sísì kan ná kọjá ẹ̀, ìyà ni. Sísì kan péré!

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin inú ìwé Dickens dà bí áńgẹ́lì inú kàlẹ́ńdà, wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé ó lé ìyá ọmọ mẹ́wàá síta ní 1858 ni. Òótọ́ ni, méjèèjì. Mi ò gbèjà ẹ̀ níbẹ̀, ohun tó ṣe fún Catherine ìyàwó ẹ̀ ò dáa.

Ká tó lọ sílé mo ní ká wọ bọ́ọ̀sì dé Borough, torí ògiri Marshalsea kan ṣẹ́kù níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St George. Bíríkì ni, ó gùn, èèyàn ń kọjá lọ kọjá bọ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ lé e, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní bàbá bàbá wa sọ fún àwọn nígbà kan pé nílé onígbèsè kan, bí àwọn ṣe lóṣòó sí oòrùn, ọmọ kékeré ilé náà ló gbé omi jáde wá fáwọn.

Mo bi wọ́n pé ṣé bàbá mu ún.

Wọ́n ní bàbá ò sọ.