Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Ọkọ̀ Mi

Bí ẹ kò bá tíì wo kàtúùnù One Froggy Evening tí Chuck Jones ṣe fún Warner Bros. ní ọdún 1955, ẹ wá a wò. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méje lọ, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀; orin nìkan ni. Lébìrà kan ń wó ilé, ó ṣí àpótí tí wọ́n mọ mọ́ ìpìlẹ̀ ilé náà láti 1892, ọ̀pọ̀lọ́ bá jáde. Ó dé fìlà, ó mú ọ̀pá, ó ń ju ẹsẹ̀, ó ń kọ "Hello! Ma Baby". (1899 ni orin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ má bi mí ibi tí ará inú àpótí ti gbọ́ ọ.) Lébìrà ti ń fọkàn ka owó. Àmọ́ bí ẹlòmíràn bá ti yọjú, ọ̀pọ̀lọ́ a rọ wọ̀ọ̀, a ní "kọ́ọ̀", ó parí. Ọkùnrin náà ná gbogbo owó tó fi pamọ́ láti háyà gbọ̀ngàn eré. Èrò ò tiẹ̀ wọlé àfi ìgbà tó kọ ọ́ síta pé bíà ọ̀fẹ́ wà. Ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ló bá ara rẹ̀.

Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣubú lu ara wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mò ń wò.

Bí mo bá dá nìkan wà nínú ọkọ̀ mi, tí mo fẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá, nǹkan kan a máa ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi: fíìn, fíìn, gbọ̀lọ̀! Kí ìyàwó mi wọlé báyìí, kẹ́kẹ́ á pa. "Dádì, ṣé ẹ sùn dáadáa lánàá?"

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó wà á dé Sángo, ó wà á padà, ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó pa rédíò. Ó ní kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wọ inú búùtù, kó máa fetí sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà jáde, ó gbọn eruku ṣòkòtò, ó ní, "Ọ̀gá, mi ò gbọ́ nǹkan kan o, àfi bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ń jiyàn."

Mo bá fẹnu sín in jẹ fún wọn. Fíìn, fíìn, gbọ̀lọ̀! Mo fi ọwọ́ kún un. Ìyá alágbo tó ń kọjá dúró, ó wò mí tàánútàánú, ó bi mẹkáníìkì léèrè pé, "Ṣé kò sí ará ilé wọn nítòsí ni?" Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì yọ sí títì tán tí nǹkan yẹn tún fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ fún ìyàwó mi, ohùn tèmi nìkan ló ń jáde: "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ sáà gbọ́ ọ!"

Nínú kàtúùnù, nígbà tí lébìrà kúrò nílé ìwòsàn, ó rí ibi tí wọ́n ti ń fi ìpìlẹ̀ ilé tuntun lélẹ̀, ó yọ́ gbé ọ̀pọ̀lọ́ sínú ẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ. Mo ní ọgbọ́n rèé. Mo sọ fún mẹkáníìkì pé mo fẹ́ ta ọkọ̀.

Ó ní, "Ọkọ̀ tí kò lárùn kankan? Ọ̀gá, ẹ tà á fún mi."

Mo rán an létí ariwo. Ó ní tèmi lariwo yẹn, kí n máa gbé e lọ. Ó sanwó.

Kò pẹ́ rárá tó fi pè mí lóru. "Ọ̀gá, ó ń dún o!"

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó fi dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó gbé mi yí gbogbo àdúgbò ká. Kẹ́kẹ́ pa. Òógùn ń ṣẹ́ lójú rẹ̀. Ó búra pé láti Ọ̀jọ́ọ̀ ló ti ń dún bọ̀.

Mo ní, "Àbúrò, mi ò gbọ́ nǹkan kan o."

Ló bá ń fẹnu sín in jẹ fún mi, ó ń ju ọwọ́ sókè sódò. Tiẹ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀: gbọ̀lọ̀ ló ń ṣíwájú fíìn. Mo sáré pe ìyàwó mi síta kó wá wò ó.