Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ilẹ̀ Tí Kì Í Gbàgbé Ẹni Tí Ó Gba Orí Rẹ̀ Kọjá

Nínú gbogbo ohun tí mo dáwọ́ lé ní ọdún 2025, èyí tí ó gba ọkàn mi jù lọ, lẹ́yìn iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, ni eré àròsọ kan tí àwa mélòó kan jọ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé àwọn tí ó ti ń ka àyẹ̀wò ọdún mi tipẹ́ yóò fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́, nípa owó, àti nípa ilé tí mo ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo. Iṣẹ́ ń lọ, owó kò tó ná, ilé náà kò sì tí ì kọjá líńtẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Eré yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn ará ilé mi pàápàá ṣì ń bi mí pé kí ni mo ń bá àwọn ènìyàn jiyàn lé lórí nínú yàrá ní òru.

Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1974, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdí tábìlì ni àwọn ènìyàn ti ń jókòó ṣe é pẹ̀lú bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ni atọ́kùn: òun ni ó ń sọ bí ayé inú eré ṣe rí, òun ni ó sì ń gba ẹnu gbogbo ẹ̀dá tí kì í ṣe tiwa sọ̀rọ̀, láti orí ọba títí dé orí ẹni tí ń din àkàrà lẹ́bàá odi. Ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwa yòókù ń darí. A ó sọ ohun tí ẹ̀dá wa fẹ́ ṣe; bí ohun náà bá lè bọ́ sí i tàbí kí ó já sí òfo, a ó ju dáìsì olójú ogún. Ọdẹ ni tèmi, Ọdẹ́wálé ni mo sì sọ ọ́. Ìlànà eré fún un ní 5 láti fi kún iye tí dáìsì bá gbé jáde nígbàkígbà tí ó bá ń tọ ipasẹ̀, nítorí náà, bí atọ́kùn bá ní àpapọ̀ 15 ni yóò tó, ojú 11 nínú ogún ni yóò gbè mí. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí ẹsẹ̀ ẹranko sì hàn ketekete nínú ẹrẹ̀, atọ́kùn lè ní kí n ju dáìsì méjì kí n sì mú èyí tí ó pọ̀ jù, ìrètí mi yóò sì fò sókè dé nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi tí mo fẹ́ràn ìṣirò láti kékeré, ibí yìí ni eré náà ti kọ́kọ́ mú mi.

Ohun tí ó wá mú mi dúró ni bí ayé tiwa ṣe ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, atọ́kùn ti ní ìtàn kan lọ́wọ́, tí yóò máa fi tì wọ́n láti ibì kan dé èkejì títí wọn yóò fi pàdé ọ̀tá ńlá níkẹyìn. Atọ́kùn wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ lé ìlànà tí ará Amẹ́ríkà kan, Ben Robbins, ṣàlàyé ní ọdún 2007 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti darí eré kan tí ó pè ní West Marches: kò sí àkókò ìpàdé tí a dè mọ́lẹ̀, kò sí àwọn kan pàtó tí ó gbọ́dọ̀ jọ lọ, kò sì sí ìtàn tí a ti là sílẹ̀ dè wá. Ìlú olódi kan ṣoṣo ni ààbò wà. Láti inú oríkì Ìlọrin ni atọ́kùn ti fa ìlú náà yọ, nítorí pé ẹṣin ni eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ sì ni orò wọn. Gbogbo ibi yòókù lórí máàpù jẹ́ ilẹ̀ tí a kò mọ̀, tí a pín sí àpótí onígun mẹ́fà, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì 6. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn òkè ni yóò wá àwọn tí yóò bá a lọ, yóò bá atọ́kùn dá ọjọ́, wọn yóò sì ti padà wọ ìlú kí eré ọjọ́ náà tó parí.

Nínú ìlànà eré náà, ìrìn ọjọ́ kan jẹ́ máìlì 24, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ rìn láti Ìlọrin ní òwúrọ̀ kò ní tí ì dé Ọ̀fà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ẹ bá ń yára, ẹ ó rin 30, ṣùgbọ́n ẹ kò ní tètè rí ẹni tí ó ba dè yín; bí ẹ bá ń yọ́ lọ, 18 ni ẹ ó rìn, ẹ ó sì lè fara pamọ́. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ wù mí ju ogun jíjà lọ. Ìyípo kan nínú ìjà kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 6 lọ nínú ayé eré, síbẹ̀ ènìyàn márùn-ún lè máa dúró de ara wọn lórí rẹ̀ títí tí oorun yóò fi gbé ẹlòmíràn lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀.

Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò di ọ́ lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í gbàgbé ohun tí o ṣe lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ère ni ó jẹ́ kí n mọ èyí. Atọ́kùn ti ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ibì kan láti agbègbè rẹ̀ wá kí òun lè fi sórí máàpù, mo sì mú Ẹsìẹ́ wá, ìlú Ìgbómìnà tí a mọ̀ mọ́ àwọn ère òkúta. Ọmọ Ìgbómìnà ni ìyá mi, mo sì ti lọ wo àwọn ère náà nígbà tí mo wà ní ilé ìwé: wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání, kò sì sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn ní ọdún 1945 ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí atọ́kùn, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún ibẹ̀ ní orúkọ mìíràn, nítorí pé n kò fẹ́ kí àwọn tí kò dé Ẹsìẹ́ rí máa fi orúkọ ìlú onílùú ju dáìsì.

Ní oṣù Keje, ìrìn àjò kan gbé wa dé igbó kan tí àwọn ère òkúta jókòó sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà. Ẹnì kan wà nínú wa, ọmọ Ìbàdàn tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ọlọ́gbọ́n ènìyàn tí kì í fojú di ohun tí ó bá lè di owó. Ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ ní òun yóò gé orí ère kan lọ tà ní ìlú. Mo ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Àríyànjiyàn náà gba alẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nígbà tí ó sì yá, mo ti ń sọ fún un nípa àwọn ère gidi tí wọ́n bá ní fífọ́ ní Ẹsìẹ́. Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, òkúta inú àròsọ ni." Atọ́kùn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ohun tí ó bèèrè kò ju pé, "Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti gé e?" Wọ́n gé e. Oníṣòwò kan ní ìlú rà á ní owó ńlá láìbéèrè ibi tí ó ti wá, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ó di oṣù Kẹsàn-án kí ikọ̀ mìíràn, tí kò sí ẹnì kankan nínú wa láàárín wọn, tó dé abúlé kan ní apá gúúsù láti ra oúnjẹ àti egbòogi. Àṣé ìdílé tí ń tọ́jú àwọn ère ni ó tẹ abúlé náà dó. Àwọn ará ibẹ̀ béèrè ìlú tí wọ́n ti wá, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ̀dá-ìtàn arábìnrin kan láti Ọ̀mù-Àrán, tí kò mọ nǹkan kan nípa orí tí a gé, kú sójú ọ̀nà nítorí pé kò rí ẹni tí yóò tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀. Arábìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn kọ ọ́ sórí máàpù tí gbogbo wa jọ ń lò, ní ojú abúlé náà gan-an, pé: "Ẹ jẹ gbèsè níbí." Ọmọ Ìbàdàn náà fúnra rẹ̀ ni ó pe ìrìn àjò tí a fi lọ ra orí ère padà, ṣùgbọ́n oníṣòwò ti tà á, ẹni tí ó rà á sì ti gbé e lọ sí ìlú tí kò tí ì sí lórí máàpù wa. Mo ti ka ìtàn púpọ̀ tí òǹkọ̀wé ti fi ìyà jẹ oníwọra, n kò sì tíì rí èyí tí ó dùn mí tó èyí, nítorí pé ẹni tí ó jìyà rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Nílé, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó kọ́kọ́ dìde. Àáfà ni àbúrò bàbá mi tí a jọ ń gbé agboolé kan náà ní Ìlọrin, nígbà tí ó sì gbọ́ pé ẹ̀dá inú eré lè jẹ́ onídán tàbí àwòrò òrìṣà, ó pè mí jókòó. Mo ṣàlàyé fún un pé ọdẹ lásán ni tèmi, kò sin ohunkóhun níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́, pé dáìsì ni ó ń ba òun lẹ́rù ju òrìṣà lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó le wà nínú hádíìsì lórí rẹ̀, ó sì béèrè bóyá a ń fi owó ta á. Mo ní kò sí owó kankan, pé kọ̀ǹpútà ni ó ń mú iye jáde. Ó wò mí títí, ó ní, "Dáìsì tí kọ̀ǹpútà jù, dáìsì náà ni." A fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ sí owó nínú rẹ̀ láé, pé kò sì gbọdọ̀ pa ìrun kankan lára. N kò lè sọ pé mo yí i lọ́kàn padà. Ó gbà mí láàyè ni.

Owó tí mo ná lé e kò ju ti dátà lọ, nítorí pé láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ìlànà ìpìlẹ̀ eré náà ti wà lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, tí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Roll20 ni a ń tẹ́ máàpù sí, Discord ni a fi ń gbọ́ ohùn ara wa. Bí iná bá lọ, fóònù àti páwà báǹkì ni. Aago ni ó nira jù: a kì í sún aago ní Nàìjíríà, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì ń sún tiwọn síwájú ní wákàtí kan fún apá kan ọdún, nítorí náà a fi wákàtí kan ṣíwájú wọn títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, tí ó tún jẹ́ ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, aago wa àti tiwọn dọ́gba, àkókò yìí gan-an sì ni eré wa dùn jù. Nínú ààwẹ̀, ẹ̀yìn ìrun òru ni mo máa ń wọlé, tí mo sì máa ń kúrò kí oorun sààrì tó di ìṣòro.

Fún ọdún 2026, atọ́kùn ti ní kí n wá gba apá gúúsù máàpù tọ́kùn, kí òun lè sinmi díẹ̀. Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó bá di atọ́kùn ibì kan kò lè tún fi ẹsẹ̀ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ rìn ín bí ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Mo ti gbà, àmọ́ mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ìrìn àjò orí ère, kí ó sì jẹ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé ní oṣù Kejì. Sátidé kejì nínú oṣù Kìn-ín-ní, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ni a dá. Arábìnrin Ọ̀mù-Àrán ti dá ẹ̀dá tuntun, ọmọ Ìbàdàn ti ra ẹṣin, ààyè ẹnì kan sì ṣì ṣẹ́kù.