Ẹni tó bá ti ní fóònù lọ́wọ́, òṣèlú ti kàn án: ohun tí mo rí kọ́ nídìí MoMo ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Ìdí MoMo, ìyẹn owó orí fóònù, ni mo wà ní Ouando níbí, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lórílẹ̀-èdè Benin, mò ń bá àwọn èèyàn fi owó ránṣẹ́, mò ń ta kirẹ́dì àti méga, ìyẹn dátà íntánẹ́ẹ̀tì, àbúrò mi ọkùnrin sì ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oníbàárà kan náà á jókòó, á ní "èmi ò bá wọn dá sí òṣèlú o, ìyẹn kan àwọn tó ń jẹun níbẹ̀," kò ní pẹ́ á tún yọ fóònù, á ní "kí ló dé gan-an tí méga tí mo rà láàárọ̀ ti tán?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì! Iye tí à ń ra méga, bóyá WhatsApp á ṣí lọ́jọ́ ìdìbò, ohun tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ tí kò ní gbé e dé ilé ẹjọ́, àwọn tí à ń dìbò fún ló ń pinnu ẹ̀, ilé aṣòfin tí wọ́n ti ń ṣòfin kò kúkú jìnnà sí wa, Àjàṣẹ́ wa níbí náà ló wà.

Ẹ rántí ọdún 2018. Lóṣù keje ọdún yẹn ni ìjọba fọwọ́ sí ìwé pé ká máa san sẹ́fà 5 lórí méga kọ̀ọ̀kan tá a bá lò sórí Facebook, WhatsApp, Twitter àti irú wọn. Tí wọ́n bá pè é ní sẹ́fà 5, á dà bíi pé kò tó nǹkan. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Fídíò ìkómọ tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti Kétu, ká ní ó jẹ́ méga 20, sẹ́fà 100 ti lọ nìyẹn, owó-orí nìkan o, a ò tíì ka owó tẹ́ ẹ fi ra méga fúnra ẹ̀. Tó bá fi máa di gígà kan, ìyẹn bí ẹgbẹ̀rún méga, ó ti di 5,000 sẹ́fà. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, tó jẹ́ WhatsApp ló fi ń bá ọmọ ẹ̀ tó wà ní Gabon sọ̀rọ̀, níbo ló ti fẹ́ rí 5,000?

Oṣù keje ni wọ́n fọwọ́ sí i, àmọ́ oṣù kẹsàn-án tó fẹ́ máa jẹ wá lápò ni ariwo tó sọ. Àwọn ọ̀dọ́ gbé #TaxePasMesMo síta, ìyẹn "ẹ má gba owó-orí lórí méga mi", gbogbo èèyàn ń pín in kiri, kí oṣù yẹn tó parí ìjọba ti fagi lé e. Mo máa ń rán àwọn tó bá ní "a sọ ọ́ sọ ọ́, wọn kì í gbọ́" létí pé wọ́n gbọ́ tiyẹn o. Ohun tó ń dùn mí nínú ẹ̀ ni pé ìwé yẹn ti wà nílẹ̀ látoṣù keje, ká ní a ti mọ̀ nígbà yẹn, kò ní dé ibi tó dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ tó mọ Faransé dáadáa nínú ilé wa pé kí wọ́n máa ka ohun tí ìgbìmọ̀ mínísítà bá gbé jáde ní Wednesday, kí wọ́n sì máa bá wa túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá àti Gùn sínú gúrúùpù ẹbí. Ó wúlò ju àdúrà òwúrọ̀ tí ẹni mẹ́wàá ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lọ, kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Tó bá wá di ti pípa íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yẹn ń ká mi lára gan-an. Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dìbò yan aṣòfin, íntánẹ́ẹ̀tì kú ní gbogbo Benin. Ìdìbò tí wọn ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ alátakò kankan wọ̀, ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn ààrẹ ló pín àga 83 láàárín ara wọn. Ẹ fẹ́ràn Talon tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn ni o, ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀ ni o, ìyẹn ò kàn mí, àwa tá a jọ ń pàtẹ níbí pàápàá ọ̀nà wa ò jọ, ẹlòmíì á ní ẹ wo ọ̀nà tó ṣe, ẹ wo iná, òótọ́ sì ni, títì tó dára yẹn èmi náà ń gbà á. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa sọ fún mi pé ó dáa kí wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ gbogbo ìlú lójú lọ́jọ́ tí wọ́n ń dìbò. Méga tèèyàn fi owó ẹ̀ rà ni. Forfait, ìyẹn àdìpọ̀ méga, tó ní ọjọ́ tó máa kú ni. Kò sì sí ẹni tó dá tèmi padà fún mi. Ẹni tó ní kí ìlú dìbò tí kò fẹ́ kí ìlú rí ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó yẹ ká bi í ní ohun tó ń sá fún.

Láti ìgbà yẹn, àwọn nǹkan kan wà tí mi ò fi ṣeré mọ́ tí ọjọ́ ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀. Owó díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé ní bébà, èyí tó máa tó jẹun àti tó máa tó gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sínú MoMo. Ẹ sì mọ kóòdù tí ẹ ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́ sórí, ẹ má gbára lé app nìkan, torí app ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kóòdù tí a fi iràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lò ó, tí nẹ́tíwọ̀kì ìpè bá ṣáà ti wà ó máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn èèyàn yín sínú ìwé! Èyí ò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú o, látìgbà tí wọ́n ti fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024 tó di mẹ́wàá, mo rí i pé àwọn tó ti mọ nọ́ńbà ọkọ wọn sórí tẹ́lẹ̀ ò mọ̀ ọ́n mọ́, inú fóònù nìkan ló wà, tí fóònù bá ti kú kò sí ẹni tí wọ́n lè pè. Kí rédíò kékeré tó ń lo bátìrì sì wà nílé. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ á ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn, kí wọ́n máa wí.

Ìgbà tó tún wá dé lọ́jọ́ 7 oṣù kejìlá 2025. Sunday ni. Láàárọ̀ àwọn sójà kan yọ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba, wọ́n ní àwọn ti yọ Talon nípò. Ìjọba jáde lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n ní àwọn ti kápá ẹ̀, Nàìjíríà fi ọkọ̀ òfuurufú ológun ràn wọ́n lọ́wọ́, ààrẹ fúnra ẹ̀ sì bá ìlú sọ̀rọ̀ lálẹ́. Láàárín àárọ̀ sí alẹ́ yẹn, ohun tó wọ inú fóònù àwọn èèyàn, àfi Ọlọ́run! Vocal, ìyẹn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, lórí vocal. Fídíò tó ti pẹ́, ti ìlú tí kì í ṣe tiwa, wọ́n á ní Kútọnu ni.

Ìyá kan tó ń ta gàrí lọ́wọ́ iwájú wa gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọmọ mi, gbọ́ nǹkan tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ní kí gbogbo wa lọ kó owó wa kí wọ́n tó ti ilé owó pa."

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ."

Ọfà méjì tó tẹ̀ léra wà lókè ẹ̀, ìyẹn ni WhatsApp fi ń sọ fún wa pé ohun náà ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ò dárúkọ ara ẹ̀, kò sọ ọjọ́ wo, "ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ sójà" ló ń sọ ṣáá. Ó wá débì kan ó ní, "ẹ lọ gba náírà yín." Náírà kẹ̀! Mo dá a padà kí Ìyá tún un gbọ́. Ó gbọ́ ọ, ó wojú mi, ó ní, "Àṣé kì í ṣe tiwa." Ó ti fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi o, a jọ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a pa á rẹ́ fún gbogbo wọn, ó sì fi ohùn ara ẹ̀ sọ fún wọn pé kì í ṣe òótọ́.

Àwọn tó ti gba irú ẹ̀ gbọ́ ti tò síwájú mi nígbà yẹn, gbogbo wọn fẹ́ yọ owó. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín torí àwọn èèyàn bínú sí wa lọ́jọ́ yẹn. Àwa tá à ń ṣe MoMo, oríṣi owó méjì ló wà lọ́wọ́ wa, èyí tó wà nínú fóònù àti bébà tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Tí ẹ bá yọ owó, tiyín tó wà nínú fóònù wọ inú fóònù tèmi, èmi á sì fún yín ní bébà. Tí gbogbo èèyàn bá ń yọ tí ẹnikẹ́ni ò fi sí i, bébà á tán lọ́wọ́ mi, owó yín ò sọnù, ó wà nínú fóònù yín digbí. Kì í ṣe pé a fi pamọ́, kì í sì í ṣe pé ìjọba ti gbé e. Ẹni tó bá fi sùúrù dúró títí di ọjọ́ kejì máa ń gba tiẹ̀ láìsí ìjàngbọ̀n. Vocal ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí ló fẹ́ mú ká máa ta ara wa nígbọ̀nwọ́ lórí owó tó wà lápò wa.

Ọ̀rọ̀ òfin náà tún wà níbẹ̀. Òfin tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ti oṣù kẹrin 2018, sọ pé ẹni tó bá dá irọ́ sílẹ̀ nípa èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ÀTI ẹni tó bá tàn án kálẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù kan sí oṣù mẹ́fà ni, pẹ̀lú owó ìtanràn 500,000 sí 1,000,000 sẹ́fà. Ẹ tún ìyẹn kà, ẹni tó tàn án kálẹ̀ náà wà níbẹ̀. "Mo kàn fi ránṣẹ́ ni" kò gba èèyàn sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé òfin yìí le jù, ó sì fẹ̀ jù, torí òun náà ni wọ́n fi mú akọ̀ròyìn Ignace Sossou níparí 2019, nítorí ohun tó kọ sórí Twitter nípa ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ níbi ìpàdé kan, ó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà gbáko. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣòfin? Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin tún un ṣe, mi ò sì bẹ̀rù láti sọ ọ́. Àmọ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ má fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀sùn tí ẹ ò rí ẹ̀rí ẹ̀.

Nǹkan kékeré kan wà tó ń dín wàhálà yìí kù. Lásìkò kámpéènì, àwọn ẹgbẹ́ máa ń dédé fi èèyàn sí gúrúùpù láì bèèrè, àwòrán olùdíje lọ́tùn-ún lósì, méga ń jó. Ẹ lọ sí paramètres nínú WhatsApp, ẹ wọ ibi confidentialité, ẹ wá ibi tó sọ nípa gúrúùpù, ẹ yàn án pé àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ yín nìkan ló lè fi yín sí i. Ẹ tún lọ síbi stockage, ẹ pa gbígba fídíò àti fọ́tò fúnra ẹ̀, ó di ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo pé wọ́n ń jí méga wọn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bá wọn ṣe nìyẹn, wọ́n sì máa ń padà wá dúpẹ́. Bó ti ẹ̀ wá rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò ní ká má sọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń ta méga, ó ṣì yẹ ká máa bèèrè.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ohun tí ìjọba Talon ṣe lórí fóònù ló burú o. Ìwé tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ àfi kéèyàn wọ mọ́tò lọ sí Kútọnu, kó lọ máa dúró lábẹ́ oòrùn, ọ̀pọ̀ wà níbẹ̀ téèyàn lè béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí pẹ̀lú nọ́ńbà NPI ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún un. Inú mi dùn sí i. Ìyà rẹ̀ wá wà lórí àwọn ìyá wa tí ò ní fóònù ńlá, tí ò gbọ́ Faransé, ẹni tó bá bá wọn ṣe é ló mọ ohun gbogbo nípa wọn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọmọ inú ilé yín ló ń bá yín ṣe é, kí ẹ sì má sọ kóòdù àṣírí MoMo yín fún un nítorí ìwé, ìwé ò bèèrè kóòdù àṣírí MoMo rárá.

Wọ́n ti tún òfin ńlá ṣe ní oṣù kọkànlá 2025, sáà ààrẹ ti kúrò ní ọdún 5, ó ti di ọdún 7. Ọdún 7 ò kéré, ẹni tí a bá gbé síbẹ̀, a máa bá a gbé. Torí náà tí àwọn tó ń polongo bá wá sí ọjà wa pẹ̀lú aṣọ àti ìlù, mo ti ń sọ fún àwọn ìyá ọjà pé kí wọ́n gba aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ gbà, àmọ́ kí wọ́n bi ẹni náà ní ìbéèrè méjì lójú gbogbo èèyàn, kí ọmọ kan sì fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀: ṣé ẹ máa pa íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ dìbò? Ṣé ẹ máa tún fi owó-orí lé WhatsApp? Kó dáhùn ní Yorùbá tàbí ní Gùn, kì í ṣe Faransé tí a ò ní gbọ́.