Ọṣẹ àti omi ló gba ata mi là o

Mo fẹ́ẹ̀ sunkún lórí ata mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ṣáà ń rí èèrà tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ lára ẹ̀, ni mo bá yí ewé kan padà, háà! kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo abẹ́ ẹ̀, wọ́n ń fa omi ara ẹ̀ mu, omi dídùn tí wọ́n ń yà lèèrà wá ń lá. Mo po ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré 1 mọ́ omi lítà 1, mo fọ́n ọn nírọ̀lẹ́, abẹ́ ewé gan-an ni kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ kọ o, torí tí ò bá kàn wọ́n lára kò lè pa wọ́n. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kẹrin. Ewé tuntun ti yọ láàárọ̀ yìí, inú mi dùn gan-an!